Ife Tí Wọ́n Yà Sọ́tọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé sọ níbi ìpàdé wa ní Ìkòròdú)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìyàsọ́tọ̀ àti àìṣòdodo. Mo ti kọ ohun púpọ̀ sílẹ̀ láti inú Bíbélì, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ bàbá àgbà mi ń wá sí mi lọ́kàn, ni mo bá pa ìwé náà dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé wa fún yín.

Bàbá tó bí bàbá mi lọ sí ogun Hitler. Ìkòròdú níbí ló ti lọ wọṣẹ́ sójà, wọ́n sì gbé e lọ sí Bọ́mà, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí. Nígbà tí mo gbọ́njú mọ̀ ọ́n, kì í sọ̀rọ̀ ogun. Bí àwa ọmọdé bá bi í pé, "Bàbá, ará Japan mélòó lẹ pa?" á ní ká lọ gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àṣà kan tí kò yé wa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya ife sọ́tọ̀ nínú ilé rẹ̀. Ìbáà jẹ́ ìjòyè ló wá kí wa, ìbáà jẹ́ alágbàro, ife kan náà ni gbogbo wa fi ń mu omi. Bí ìyá àgbà bá tọ́jú ife tánganran tuntun pamọ́ de àwọn èèyàn pàtàkì, bàbá á lọ gbé e jáde.

Ó kù díẹ̀ kó kú kó tó sọ ìdí rẹ̀ fún bàbá mi. Ní ibùdó wọn, ife òyìnbó wà lọ́tọ̀, tàwọn dúdú wà lọ́tọ̀. Lọ́jọ́ kan tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ gan-an, ó fi ife sájẹ́ńtì òyìnbó kan mu omi. Sájẹ́ńtì náà kò nà án, kò sì bú u. Ó kàn mú ife náà, ó jù ú sínú igbó. Bàbá ní ká ní ó na òun ni, òun ì bá ti gbàgbé.

Nínà ọ̀hún wà nínú òfin wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòpin sí fífi pàṣán na àwọn ọmọ ogun tiwọn láti ọdún 1881. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fi na àwọn ọmọ ogun Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn títí di nǹkan bí ọdún 1946. Ẹ bá mi ka iye ọdún tó wà láàárín méjèèjì.

Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó kọjá òkun lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà: láti Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gáńà, Sierra Leone àti Gambia. Dífíṣọ̀n 81 àti Dífíṣọ̀n 82 ni wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn. Ní àfonífojì odò Kaladan, níbi tí mọ́tò kò lè dé, orí ni àwọn èèyàn wa fi ru ọta, oúnjẹ àti oògùn gun òkè sọ̀ kalẹ̀, tí bàálù sì ń ju ìyókù sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀nà jíìpù tí wọ́n fi ọwọ́ lásán là gba inú igbó yẹn gùn tó máìlì 75. Síbẹ̀, òyìnbó nìkan ló ń jẹ́ ọ̀gá. Dúdú lè di sájẹ́ńtì-méjọ̀, ibẹ̀ ló sì máa dúró sí. Seth Anthony, ọmọ Gold Coast, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ogun yẹn, lọ́dún 1942. Ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́, Victor Ugboma, kò dé ipò yẹn títí di 1948, nígbà tí ogun ti parí fún ọdún mẹ́ta.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Hitler. Ní oṣù kẹta ọdún 1865, àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú wa yìí. Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, ló kó ọmọ ogun wá tó tú wọn ká, àwọn baba wa sì yọ̀. Àwọn wo ló kó wá? Àwọn dúdú láti West Indies, ìran àwọn tí wọ́n tà lẹ́rú kọjá òkun, àti àwọn Haúsá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tó sá lọ́wọ́ olówó wọn. Láti ara àwọn Haúsá Gólóbà yẹn ni ẹgbẹ́ ogun Nàìjíríà ti hù jáde. Láti ìgbà náà ni dúdú ti ń yìnbọn, tí òyìnbó ń pàṣẹ.

Nígbà tí ogun parí ńkọ́? Ní 28 oṣù kejì ọdún 1948, àwọn tó ti Bọ́mà dé rìn ní Àkírà lọ bá gómìnà nítorí owó àti ìlérí tí wọn kò mú ṣẹ. Ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó yìnbọn fún wọn. Sájẹ́ńtì Adjetey, Kọ́pírà Attipoe àti Odartey Lamptey kú. Ìbọn Japan kò pa wọ́n.

Ṣùgbọ́n n kò ní fẹ́ kí ẹ ro pé gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé lọ́hùn-ún ló kórìíra wọn. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrẹ-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ sójà ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1942, kò tíì pé ọmọ ọdún 17. Olùtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Japan ká wọn mọ́ etí odò Kaladan, ìbọn fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ló kù nínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, nígbà tó yá ó kó wọn lọ sínú ilé ara rẹ̀, láàárín ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Bí àwọn ará Japan bá rí wọn níbẹ̀, gbogbo ìdílé náà ni wọn ì bá pa. Oṣù mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó rí ìgbàlà. Isaac padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba bíi tèmi, ó sì kú ní 2012. Ní 2011 ni oníròyìn kan, Barnaby Phillips, gbé lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìdílé Shuyiman. Shuyiman ti kú nígbà náà.

Ẹ̀yin ará, ibi tó ń dùn mí rèé. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan láti Kútọnu ń bá wa ṣiṣẹ́ ilé. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo wọ ilé ìdáná láti bu omi, mo na ọwọ́ sí ife rọ́bà kan lójú fèrèsé. Ọmọ mi kékeré pariwo: "Dádì, ẹ má fi ìyẹn mu, ti ọmọ ọ̀dọ̀ ni!" Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ta ló kọ́ ọ? Èmi ni mo ra ife yẹn ní ọjà Sábó. Èmi pásítọ̀, èmi ọmọ-ọmọ bàbá yẹn. Mo dúró níbẹ̀ tí n kò lè mu omi. Ọmọbìnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wolẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Kò sí wàhálà, sà." Mo mọ̀ pé wàhálà wà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ìyá tó bí ìyá mi, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lọ sí ogun yẹn, kò padà, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ìyá máa ń sọ pé ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò lè pe orúkọ bàbá wọn, ló bá fi "Ẹ̀pẹ́" dípò rẹ̀. Ní Taukkyan, lẹ́bàá Rangoon, òkúta ìrántí kan wà tí orúkọ ọmọ ogun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 tí kò ní ibojì wà lára rẹ̀. Àwọn èèyàn wa wà níbẹ̀. Èèyàn lè wá orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ti ń wá a. N kò tíì rí i.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní ìwé sójà, fọ́tò tàbí lẹ́tà nínú àpótí àwọn òbí yín ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, pàápàá èyí tí wọ́n fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ bàbá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ wá fún wa lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ẹ má mú ojúlówó wá, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ikán kò ní dé. Ikán ti jẹ tí bàbá àgbà mi tán kí n tó mọ ìwé kà, àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ tó jẹ́ irin nìkan ló kù.