Ìsinmi Lẹ́yìn Eré Sísá
Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi eré sísá mú ara le kò gbọdọ̀ rò pé bí eré ti parí ni iṣẹ́ parí. Bí ó bá dúró lójijì, òòyì lè kọ́ ọ. Kí ó máa rìn jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Lẹ́yìn náà, kí ó mu omi, kí ó jẹun, kí ó sì sùn dáadáa.

Ìrora iṣan sábà máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72. Ẹni tí ìtara bá mú kí ó tún sáré lé e lórí lè fara pa, kí ó sì pa eré tì pátápátá. Ọjọ́ kan ìsinmi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n bí oríkèé bá ń gún un, tàbí tí àyà bá ń dùn ún, ilé ìwòsàn ló kàn. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni í mú ara le.