Ìránṣẹ́ àti Olùgbọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Oògùn Ìsoríkọ́

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa oògùn ọpọlọ. Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tí ìsoríkọ́ ń bá jà lo oògùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ní kò jẹ́, ó sì dà á nù. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í tètè jẹ́. Ọ̀rọ̀ ni ó kọ́kọ́ kùnà níbẹ̀.

Ní ọdún 1957, Roland Kuhn, oníṣègùn ará Switzerland, ròyìn pé imipramine ń ran àwọn tí ìsoríkọ́ ń dà láàmú lọ́wọ́. Ní 1961, Julius Axelrod àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé oògùn yìí kì í jẹ́ kí iṣan fa noradrenaline padà sínú bí ó ti yẹ. Ìránṣẹ́ ni noradrenaline láàrin sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì. Bí a kò bá fà á padà, yóò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àlàyé yìí dára, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù. Láàrin wákàtí díẹ̀ ni oògùn ń ṣe èyí. Kí ló dé tí ìtura fi máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó dé?

Ìbéèrè yìí ni Fridolin Sulser gbájú mọ́ ní Yunifásítì Vanderbilt, ní ìlú Nashville. Ní 1975, òun àti Jerzy Vetulani, ọmọ ilẹ̀ Poland, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn eku ní oògùn ìsoríkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Wọ́n rí i pé ọpọlọ eku kò dáhùn sí noradrenaline tó bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́. Lílò fún ìgbà díẹ̀ kò fa èyí. Ìtọ́jú tí a fi iná mànàmáná ṣe pàápàá yọrí sí ohun kan náà. Lára sẹ́ẹ̀lì ni ohun tí ń gba iṣẹ́ yìí wà. Olùgbọ́ ni mo pè é. Sulser kò wo ìránṣẹ́ nìkan mọ́, ó wo olùgbọ́. Oògùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí, ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni ó ń rọra yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣọ́ra. Àfiwé ni ìránṣẹ́ àti olùgbọ́. Àfiwé kì í ṣe àìsàn náà. Kì í ṣe gbogbo oògùn tí ń mú ìtura wá ni ó ń dín ìdáhùn yìí kù. Láti ọdún 2000 ni a sì ti mọ̀ pé ketamine lè mú ìtura wá láàrin wákàtí díẹ̀. Ìdáhùn Sulser kò parí ọ̀rọ̀. Ó kọ́ wa láti bi ìbéèrè tí ó tọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹni tí ó bá ń fún aláìsàn ní oògùn sọ fún un ní Yorùbá tí ó yé e pé: ìtura lè pẹ́, ẹ má dá a dúró láìbi dókítà. Bí a bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi, ìbá mú sùúrù.