Tésàn Rélùwéè Àtijọ́: Ìṣètò Rẹ̀ àti Bí Iṣẹ́ Ibẹ̀ Ti Ń Lọ

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí dá lórí tésàn rélùwéè àtijọ́. Ojú irin tí ó gbéra láti Èkó, tí ó gba Abẹ́òkúta kọjá wọ Ìbàdàn, ni a ṣí fún iṣẹ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1901. Ìrìn nǹkan bíi máìlì 120 ni. Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀ jù lọ lórí ìrìn náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọkọ̀ tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀ jọ ń tọ̀. Ọkọ̀ ojú irin kò sì lè yà sínú igbó fún ẹnìkejì rẹ̀. Níbo ni wọn yóò ti wá pàdé láìsí ewu? Ní tésàn ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti tò ó. Bí ọkọ̀ bá kù díẹ̀ kí ó wọlé, irin kan ṣoṣo náà a pín sí méjì. Méjèèjì a gba iwájú tésàn kọjá, wọn a sì tún padà di ọ̀kan ní ìhà kejì. Ọkọ̀ kan a dúró lórí ọ̀kan títí èkejì yóò fi kọjá. Pèpéle gígùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin fún àwọn èrò. Lẹ́yìn pèpéle ni ọ́fíìsì ọ̀gá tésàn wà, pẹ̀lú fèrèsé tí a ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Páálí kékeré líle ni tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà náà. A ti tẹ nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé ara wọn sí i lára, nítorí náà, akọ̀wé tí ó bá fọwọ́ kan owó ìjọba kò lè rí ibi sá sí nígbà tí a bá ń ṣírò.

Ilé ẹrù dá dúró lọ́tọ̀, níbi tí a ti ń wọn kòkó àti ẹ̀kùrọ́ kí a tó kó wọn sọ́kọ̀. Àgbá omi ńlá wà lórí òpó gíga, nítorí ọkọ̀ tí ń fi èédú se omi di oru kò lè rìn jìnnà láì tún omi pọn. Òpó àmì sì wà níwájú àti lẹ́yìn. Bí apá rẹ̀ bá nà gbọọrọ, awakọ̀ gbọ́dọ̀ dúró. Ní òru, àtùpà pupa ní kí ó dúró, aláwọ̀ ewé ní kí ó máa bọ̀.

Ṣùgbọ́n ọkàn tésàn ni ẹ̀rọ àṣẹ. Láàrin tésàn kan àti èkejì, awakọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ojú irin kan ṣoṣo láìjẹ́ pé àmì àṣẹ ti ibẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀pá irin tàbí àwo róbótó, a sì kọ orúkọ tésàn méjèèjì sí i lára. Ẹ̀rọ kan wà ní tésàn kọ̀ọ̀kan, wáyà ìná mànàmáná ni ó so wọ́n pọ̀. Ọ̀gá tésàn a lu agogo sí ẹnìkejì rẹ̀. Bí ìyẹn bá gbà, a jẹ́ kí ẹ̀rọ tú àmì kan sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti jáde, kò sí òmíràn tí ó lè jáde ní ìhà méjèèjì, àfi bí a bá dá a padà sínú ẹ̀rọ.

Ẹnìkan lè wí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ewu ti tán. Kò tán o. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 1921, ní tésàn kékeré Abermule ní ilẹ̀ Wales, ọkọ̀ kan wọlé láti Montgomery. Awakọ̀ fi àwo àṣẹ ọ̀nà tí ó ti tọ̀ tán lé òṣìṣẹ́ kékeré kan lọ́wọ́. Ọmọ náà fi í lé ẹni tí ń dele fún ọ̀gá tésàn lọ́wọ́. Ìyẹn rò pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ sí ti iwájú, ni ó bá dá a padà fún awakọ̀ láì ka orúkọ tí ó wà lára rẹ̀. Awakọ̀ náà kò kà á. Ọkọ̀ gbéra. Ọkọ̀ ayára kan sì ń bọ̀ láti Newtown lórí irin kan náà, pẹ̀lú àwo àṣẹ tí ó tọ́. Wọ́n forí sọ ara wọn, ènìyàn 17 sì kú.

Ẹ̀rọ kò bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Òfin ti sọ àwọn tí ó yẹ kí ó máa fọwọ́ kan ẹ̀rọ àṣẹ, ṣùgbọ́n nínú ilé tésàn náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ráyè ni í ṣe é. Olúkúlùkù gbà pé ẹlòmíràn ti wò ó. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ìṣẹ́jú àáyá tí ìbá fi ka orúkọ méjì ni ènìyàn 17 bá lọ.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021, a ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, irin méjì ni ó sì ní. Síbẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ kò lè yà fún ènìyàn tàbí ẹran, kò sì lè dúró lójijì. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọdé ṣeré lórí irin, ẹ má ṣe so ẹran mọ́ ọn, bí ẹ bá sì rí ẹni tí ń tú ìdè irin tàbí tí ń gé wáyà láti tà, ẹ sáré sọ fún ọlọ́pàá. Bí iṣẹ́ ẹ̀mí ènìyàn bá sì kan ọwọ́ yín, ìbáà ṣe oògùn aláìsàn tàbí ìdè ọkọ̀, ẹ fi ojú ara yín wò ó kí ẹ tó fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ó dìgbà kan ná o.