Àga Kẹrin

Ọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní schizophrenia ni wọ́n ní kí n bá ẹ̀yin àgbà, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n bí sí Hamburg níbí, sọ. Berlin ni Eugen Bleuler, dókítà ará Switzerland, ti gbé orúkọ yìí síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lóṣù April 1908.

Ìtumọ̀ rẹ̀ kì í ṣe pé ẹni méjì ń gbé inú ara kan. Aláìsàn náà lè máa gbọ́ ohùn tí ẹni tó jókòó tì í kò gbọ́. Ó lè dá a lójú pé wọ́n ń ṣọ́ òun, pé òun ni tẹlifísàn ń bá wí. Ó lè pa ìwẹ̀ tì, kó pa ọ̀rẹ́ tì, kó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Èyí ni àwa òbí ń pè ní ọ̀lẹ. Àwọn tí ó ń ṣe láyé lé ní mílíọ̀nù 20, ìgbà ọ̀dọ́ ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń rìn nínú ìdílé, àmọ́ bí Táíwò bá ní in, kò di dandan kí Kẹ́hìndé ní in. Igbó mímu ń dá kún un. Ìwádìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Netherlands sì ti fi hàn léraléra pé ó pọ̀ láàárín àwọn tó ṣí wá láti òkèèrè àti àwọn ọmọ wọn, pàápàá aláwọ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ kàn wá nìyẹn.

A máa ń ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni lọ́dọ̀ tiwa. Ní Jámánì, aláìsàn fúnra rẹ̀ ni òfin ní kò gbọdọ̀ bímọ. Ìjọba Hitler ṣe òfin náà ní July 1933, ó dárúkọ àìsàn yìí sínú rẹ̀, bí 400,000 èèyàn ni wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún tipátipá. Nígbà tó di 1939, pípa àwọn aláìsàn ló kù. Láti Tiergartenstraße 4 ní Berlin ni wọ́n ti ń darí rẹ̀. Dókítà á wo fọ́ọ̀mù, á fi pẹ́ńsù pupa sàmì sí i, ó parí; kò rí aláìsàn náà sójú rí. Ó lé ní 70,000 tí wọ́n fi gáàsì pa kó tó di ìparí August 1941. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wà lára àwọn tó ń sàmì o, kì í ṣe jàǹdùkú.

Ọmọ ọdún 19 ni Dorothea Buck, ọ̀kan lára àwọn tí òfin 1933 yẹn kàn, nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àìbímọ náà fún un ní ilé ìwòsàn Bethel, ní 1936. Wọn kò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un. Aláìsàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tú u fó. Aṣọ tútù rinrin ni wọ́n fi ń wé e mọ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ẹsẹ Bíbélì tó ń ké sí àwọn tó rẹ̀ wà lára ògiri. Síbẹ̀, ohun tó ń tẹnu mọ́ títí ọjọ́ ogbó ni pé dókítà kankan kò jókòó bá òun sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tó wù ú, òfin dí i lọ́nà. Ó kọ́ iṣẹ́ ère, ó sì wá ń kọ́ni ní Hamburg níbí.

Ní 1989, òun àti Thomas Bock dá ìjókòó kan sílẹ̀ ní yunifásítì ìlú yìí. Aláìsàn, ẹbí aláìsàn, àti òṣìṣẹ́ ìlera á jókòó yíká. Kò sí ọ̀gá. Wọ́n á bi ẹni tó ń gbọ́ ohùn pé kí ni ohùn náà ń sọ, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé nígbà náà. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ti tàn ká Jámánì. Ẹni ọdún 102 ni Buck nígbà tó kú ní 2019.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni ju oògùn nù. Láti àwọn ọdún 1950 ni oògùn ti ń mú ohùn náà rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹni tó bá sì fẹ́ dá a dúró, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n oògùn kì í béèrè ọ̀rọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, ti mọ̀ pé oògùn nìkan kò tó, ní ilé ìwòsàn Aro, l'Abẹ́òkúta, láti 1954: nígbà náà, aláìsàn ń gbé lábúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ní ipa tiwọn níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ dá irú ìjókòó Hamburg yìí sílẹ̀ láàárín ara wa, àga kẹrin gbọ́dọ̀ wà, ti pásítọ̀ tàbí ààfáà, torí ọ̀dọ̀ wọn la kọ́kọ́ ń gbé ọmọ lọ. Kí wọ́n jókòó bí àwọn yòókù, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ náà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.