Àwọn Olùṣẹ̀dá Tuntun àti Géèmù Aṣàfarawé Ìdíje Ọkọ̀

Géèmù aṣàfarawé ìdíje ọkọ̀ ni géèmù kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ìrìn ọkọ̀ gidi, débi pé ẹni tó bá bá eré àsápajúdé wọ kọ́nà nínú rẹ̀ yóò pàdánù ìdarí ọkọ̀ bí awakọ̀ gidi ṣe máa pàdánù rẹ̀. Nítorí bí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe gba ọjà yìí lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé kò sí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣe lè ṣe èyí tó dáńgájíá. Ìtàn iṣẹ́ náà kò ti èrò yìí lẹ́yìn, nítorí ohun tó le jù nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí owó ń rà.

Táyà ni ohun náà. Gbogbo agbára tí ọkọ̀ fi ń sáré, tó fi ń dúró, tó sì fi ń yà, ojú ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ ló ń gbà kọjá, ibẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nígbà tí awakọ̀ bá yí stíárì, táyà kì í lọ síbi tó kọjú sí gẹ́lẹ́. Igun díẹ̀ máa ń wà láàárín ibi tó kọjú sí àti ibi tó ń lọ, bí igun náà bá sì ṣe ń fẹ̀ sí i ni táyà ń di ilẹ̀ mú sí i, títí yóò fi dé òtéńté, tí ìdìmú náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, tí ọkọ̀ yóò sì máa yọ̀. Hans Pacejka, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Delft ní Netherlands, kọ fọ́múlà tó ṣàpèjúwe ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ìṣirò sì lè kà á nínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́, kò sọ bí táyà ṣe ń ṣe nígbà tó bá gbóná jù tàbí tó bá ti jẹ, àtúnṣe ibẹ̀ sì ń gba sùúrù ọlọ́dún gbọọrọ.

Síbẹ̀, àwọn kan ti ṣe é láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá. Ní àárín àwọn ọdún 1980, Geoff Crammond, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, ṣe géèmù Revs fún kọ̀ǹpútà BBC Micro, tí gbogbo ibi ìrántí rẹ̀ kò ju 32 kìlóbáìtì lọ. Ènìyàn mẹ́ta péré ló ṣe géèmù Live for Speed, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àti pápá inú rẹ̀ ló sì jẹ́ àfinúrò, bíi pápá Blackwood, nítorí náà ìwọ̀nyí kò nílò ìwé àṣẹ olówó gọbọi. Ọgbọ́n gidi nìyẹn.

Àmọ́ ó yẹ kí wọ́n fara balẹ̀ wo ẹni tí wọ́n ń pè ní tuntun. Nígbà tí géèmù Assetto Corsa jáde tán ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, ojú àlejò ni ọ̀pọ̀ fi wo ilé-iṣẹ́ Kunos Simulazioni, tó wà ní pápá ìdíje Vallelunga lẹ́bàá Róòmù. Bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2005 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, Stefano Casillo sì ti ṣe netKar ṣáájú ìgbà náà. Géèmù yẹn kò lókìkí púpọ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ táyà. Àmọ́ iṣẹ́ tó dára kì í fìgbà gbogbo mú owó wá: géèmù Richard Burns Rally ọdún 2004 kò gba ilé-iṣẹ́ Warthog tó ṣe é lọ́wọ́ ìtúká, síbẹ̀ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ṣì ń fi ọ̀nà ìdíje tuntun kún un títí dòní.