Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Òbí Ọmọ tí ó fẹ́ di Dókítà



Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Òkè Ọya níhìn-ín ni ó ń fi èrè ọjà rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Bí ọmọ bá wọlé fún iṣẹ́ dókítà ní Port Harcourt, ojú wa a máa wo Alakahia, níbi tí ilé-ìwòsàn ńlá yunifásítì náà wà. Bí ọmọ náà bá wá ránṣẹ́ sílé pé òun fẹ́ fi sọsiọ́lọ́jì kún ẹ̀kọ́ òun, èyíinì ni ẹ̀kọ́ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé pọ̀, tàbí sàíkọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá, a máa ń bínú pé, “Ṣé torí èyí ni a ṣe ń sanwó?” Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò.

Lóòótọ́, físíìsì, kẹ́mísìrì, báyọ́lọ́jì àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni JAMB ń bèèrè. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n kò lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn kì í dá iṣẹ́ ṣe.

A kò gbàgbé ti Kano ní ọdún 2003. Oògùn àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òbí ń fura pé kò ní jẹ́ kí ọmọ wọn lè bímọ lọ́la. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá a dúró, àrùn náà sì tàn dé ilẹ̀ mìíràn. Ní 2004 ni wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a mú oògùn wá láti Indonesia, ilẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Ìfọkàntán ni ó tú ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Ní Port Harcourt fúnra rẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, dókítà kan kó Ebola lára ẹni tí ó ti Èkó wá. Kí ó tó kú, ẹbí àti ará ìjọ ti lọ kí i, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé e gbàdúrà. Ẹni tí yóò tọpasẹ̀ irú àrùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń kí aláìsàn nílẹ̀ wa, kí ó sì lè fi ohùn tútù bá ẹni tí ẹ̀rù ń bà sọ̀rọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ti mọ èyí tipẹ́. Láti 1954, ní Aro, ó ń fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sí abúlé tí ó wà nítòsí, àwọn ẹbí wọn ń bẹ lọ́dọ̀ wọn, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sí iṣẹ́ náà. Ní Amẹ́ríkà, láti 2015, ọ̀kan nínú ìpín 4 ìdánwò àbáwọlé iṣẹ́ dókítà dá lórí ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí.

Nítorí náà, bí ilé-ìwé bá fún ọmọ láyè láti yàn:
Èkíní, kí ó má yan ẹ̀kọ́ kan nítorí pé máàkì rẹ̀ rọrùn nìkan.
Èkejì, kí ó bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ kí ẹrù sáyẹ́ǹsì má baà wọ̀ ọ́ lọ́rùn.
Ẹ̀kẹta, ẹ̀kọ́ kan tí ó kọ́ dájú sàn ju mẹ́ta tí ó fi ojú gbà lọ.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọmọ tí yóò wo ara wa sàn, ẹ jẹ́ kí ó mọ ilé wa pẹ̀lú. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a jèrè ọmọ o. Àmín.