Kọ̀ǹpútà Tí Ojú Rẹ̀ Fọ́ Lẹ́yìn Ọjọ́ Onídùúró

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gangan má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó wá. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kan olùkọ́, ó kan akẹ́kọ̀ọ́, ó sì kan òbí tí ó ń tu owó jọ láti ra ẹ̀rọ fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ti kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní láptọ́ọ̀pù, nígbà tí ojú rẹ̀ bá fọ́, tí ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi dúró fún un sì ti kọjá ọjọ́. Ìwé yìí ni àwọn ọlọ́jà ń pè ní wàráńtì. Onídùúró ni ó jẹ́ fún ẹ̀rọ, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń ṣe onídùúró fún ẹni tí ó yá owó.

Kí a mú olùkọ́ kan ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun, ṣe àpẹẹrẹ. Ó fi owó oṣù mẹ́rin ra kọ̀ǹpútà kan. Inú rẹ̀ ni ó ń kó máàkì àwọn ọmọ sí, inú rẹ̀ ni ó ti ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, ibẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ ìwádìí tí ó fẹ́ fi gba oyè wà. Ọdún kan àti oṣù méjì lẹ́yìn tí ó rà á, ó ṣí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ìlà gbọọrọ-gbọọrọ lójú rẹ̀, àwọ̀ sì dàrú mọ́ ara wọn. Ó pa á, ó tún tàn án. Fáànù ń fẹ́, iná ara rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣú dùdù. Ó gbé e lọ bá ẹni tí ó tà á fún un ní Òṣogbo. Ẹni náà wo ọjọ́ tí ó wà lára ìwé, ó ní, “Ẹ má bínú, tíṣà. Ọdún kan ni wọ́n dúró fún un, ó sì ti kọjá.” Lójú ọlọ́jà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé ó parí lóòótọ́?

Kí ènìyàn tó lè dáhùn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe ẹ̀rọ náà. Nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni ṣíìpù kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ya gbogbo ohun tí ojú ń rí: lẹ́tà, àwòrán àti fíìmù. Graphics ni àwọn atúnṣe ń pè é. Nínú ẹ̀rọ mìíràn, ó dá dúró ní tirẹ̀. Nínú òmíràn, inú ṣíìpù àgbà tí ń darí gbogbo ẹ̀rọ ni wọ́n fi í sí. Kì í ṣe ìṣó ni wọ́n fi kàn án mọ́ ibi tí ó wà. Àwọn kókó òjé wínníwínní, tí wọ́n pọ̀ lọ jàra, ni ó so ó mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, inú wọn sì ni iná àti iṣẹ́ ń gbà kọjá.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, ṣíìpù yìí a máa gbóná gan-an; bí wọ́n bá pa á, a tutù. Ohun tí ó bá gbóná a máa wú díẹ̀, ohun tí ó bá tutù a sì máa sún kì. Ṣùgbọ́n ṣíìpù àti ohun tí ó gbé e dúró kì í wú bákan náà. Kókó òjé tí ó wà láàárín wọn ni ìyà ń jẹ. Ẹni tí ó bá ti mú wáyà kan, tí ó ń tẹ̀ ẹ́ síwá, tí ó ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, mọ̀ pé kì í dá lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́, yóò dá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kókó òjé wọ̀nyí ṣe ń sán, títí ọ̀nà yóò fi dí. Bí eruku ọyẹ́ bá sì di ihò tí ẹ̀rọ fi ń mí, tàbí bí wọ́n bá ń lò ó lórí ibùsùn tí aṣọ bo ihò náà, ooru a pọ̀ sí i, ọjọ́ ikú rẹ̀ a sì súnmọ́ tòsí.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ ṣú ni àrùn yìí ń bá jà. Ìdánwò kan wà tí olùkọ́ lè ṣe fúnra rẹ̀ kí ó tó ná kọ́bọ̀. Kí ó fi wáyà so kọ̀ǹpútà náà mọ́ tẹlifísọ̀n tàbí ojú kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí àwòrán bá hàn kedere níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ojú ẹ̀rọ náà nìkan tàbí wáyà tí ó so ó pọ̀ ni ó bàjẹ́, àtúnṣe èyí kò sì le tó ti ṣíìpù. Ṣùgbọ́n bí ìlà gbọọrọ-gbọọrọ kan náà bá tún hàn lórí tẹlifísọ̀n, ṣíìpù ayàwòrán ni kí a fura sí. Kí olùkọ́ náà sì mọ èyí pẹ̀lú, pé ikú ṣíìpù kì í ṣe ikú iṣẹ́ tí ó kó sínú ẹ̀rọ. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, wọ́n lè tú ibi ìkó-nǹkan-pamọ́ rẹ̀ jáde, kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, kí máàkì àti ìwé rẹ̀ sì jáde láìpa. Nínú àwọn kan tí wọ́n ṣe láìpẹ́ yìí, wọ́n ti jó ibi ìpamọ́ náà mọ́ pátákó, kò ṣeé tú. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ẹ̀dà iṣẹ́ máa wà ní ibòmíràn nígbà gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ onídùúró. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ NVIDIA ti Amẹ́ríkà, tí ń ṣe ṣíìpù ayàwòrán, kéde pé òun yóò ya owó tí ó tó mílíọ̀nù 150 sí mílíọ̀nù 200 dọ́là sọ́tọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ṣíìpù kan tí ó ti tà fún kọ̀ǹpútà alágbèéká ń kú ju bí ó ti yẹ lọ. Ó jẹ́wọ́ pé ohun èlò tí wọ́n fi ṣe ṣíìpù náà àti èyí tí wọ́n fi dì í kò lágbára tó. Ó fi kún un pé bí àwọn oníkọ̀ǹpútà ṣe ṣètò ooru inú ẹ̀rọ wọn, àti bí àwọn tí ó rà á ṣe ń lò ó, wà lára ohun tí ó fà á.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí. Ilé-iṣẹ́ Dell fi oṣù 12 kún àkókò tí ó fi dúró fún àwọn ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ kàn. Apple sọ pé òun yóò tún àwọn MacBook Pro tí ó ní ṣíìpù GeForce 8600M GT ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, bí ọdún kan tí ó kọ sínú ìwé tilẹ̀ ti kọjá. Nígbẹ̀yìn, ó fa àkókò náà gùn dé ọdún 4 láti ọjọ́ tí wọ́n rà á. Àwọn oníbàárà pa ohùn pọ̀, wọ́n pe NVIDIA lẹ́jọ́ ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, ẹjọ́ náà sì parí sí àdéhùn ní ọdún 2010 fún àwọn tí wọ́n ra ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2014, àwọn oníbàárà pe Apple lẹ́jọ́ nítorí àwọn MacBook Pro tí ojú wọn ń dàrú. Ní oṣù kejì ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé òun yóò tún àwọn kan tí wọ́n tà láàárín oṣù kejì ọdún 2011 àti oṣù kejìlá ọdún 2013 ṣe láìgba owó. Ó tún ní ẹni tí ó ti fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe lè wá gba owó rẹ̀ padà. Ètò méjèèjì ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú wọn kò kásẹ̀. Ta ni ó lè gba owó padà? Ẹni tí ó lè fi hàn pé òun ná owó náà ni. Ẹni tí ó ti sọ rìsíìtì rẹ̀ nù kò ní ohun tí yóò fi sọ̀rọ̀.

Nínú ìtàn méjèèjì yìí ni ìdáhùn sí ìbéèrè wà. Ọjọ́ tí ó wà lára ìwé jẹ́ ààlà ẹ̀jẹ́ tí ilé-iṣẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe ẹ̀rí pé ilé-iṣẹ́ náà kò jẹ̀bi. Bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá kú, a lè wí pé olówó rẹ̀ ni kò tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ onírúurú ènìyàn, ní ìlú onírúurú, bá ń kú irú ikú kan náà, a jẹ́ pé àbùkù náà ti wà lára rẹ̀ kí ó tó kúrò ní ilé-iṣẹ́. Irú àbùkù bẹ́ẹ̀ kì í sì í hàn bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá jókòó sí ilé rẹ̀ tí ó ń kùn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí àwọn Èkìtìparapọ̀ pa àgọ́ sí nígbà ogun Kírìjì, kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ ọ ní ìtumọ̀ àparapọ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, kí ni ti Amẹ́ríkà ti kan ará Ìjẹ̀ṣà? Ó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ tòkunbọ̀, tí wọ́n rà ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á níbẹ̀. Ọjọ́ onídùúró irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ti pé kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó sì tọ́ kí a gbọ́ ti ọlọ́jà pẹ̀lú: kì í ṣe òun ni ó ṣe ṣíìpù, kò sì sí ẹni tí ó lè dúró fún ẹ̀rọ títí ayé ní iye owó tí ó ń tà á. Síbẹ̀, oníbàárà kò sí lábẹ́ òjò gbalaja. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tí ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ sọ pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó dára, tí ó ṣe é lò fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún, tí ó sì lè pẹ́ níwọ̀n tí ó tọ́. Ó tún ní kí ẹni tí ó bá ń ta àlòkù tàbí ohun tí a tún ṣe fi í hàn gbangba bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ tuntun kú ní oṣù kẹrìnlá lè béèrè pé, ǹjẹ́ oṣù mẹ́rìnlá ni ìwọ̀n tí ó tọ́ fún ohun tí ó gba owó oṣù mẹ́rin? Ó lè máà rí gbogbo ohun tí ó fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n ó ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó fi ẹ̀dà rìsíìtì mọ́ ọn, kí ó fi ránṣẹ́ sí ọlọ́jà àti sí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é. Bí wọn kò bá dá a lóhùn, kí ó kọ̀wé sí àjọ náà.

Ìkìlọ̀ kan kù. Atúnṣe mìíràn yóò gba ẹ̀rọ, yóò fi afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ ṣíìpù náà, ojú ẹ̀rọ yóò sì là. Inú olówó ẹ̀rọ yóò dùn, yóò sanwó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òkùnkùn a tún dé. Ooru yẹn kì í wo kókó òjé tí ó sán nínú ṣíìpù sàn. Ó kàn ń mú kí etí wọn kan ara wọn fún ìgbà díẹ̀ ni. Àtúnṣe gidi ni kí wọ́n yọ ṣíìpù náà, kí wọ́n fi èyí tí kò lábùkù rọ́pò rẹ̀, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ pátákó rẹ̀ látòkè délẹ̀. Kí ẹni tí ó fẹ́ sanwó bi atúnṣe léèrè èwo ni ó fẹ́ ṣe, kí ó sì béèrè iye oṣù tí òun náà yóò fi dúró fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí ojú ẹ̀rọ bá là fún ìgbà díẹ̀, kí olówó rẹ̀ fi àkókò náà kó iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Kí ó má ṣe rò pé ara rẹ̀ ti yá.

Nínú gbogbo èyí, ìwé ni ọ̀pá ìdúró oníbàárà, Ìmẹ̀sí-Ilé sì ti fi irú rẹ̀ han ayé rí. Láàárín ọdún 1956 sí 1961, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ṣètò ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní ìlú náà. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fi ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì, káàdì náà kò sì sí ní ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ìyá ọmọ ni ó ń wà. Ibikíbi tí ìyá bá gbé ọmọ lọ, ìtàn ara ọmọ ń bá a lọ. Ìlànà yẹn tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Ohun tí ìyá fi káàdì ṣe fún ọmọ ni kí olùkọ́ fi ìwé ṣe fún ẹ̀rọ rẹ̀: ọjọ́ tí ó rà á, orúkọ ẹni tí ó tà á, nọ́ńbà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí onídùúró rẹ̀ yóò parí, ọjọ́ tí àìsàn kọ́kọ́ hàn, àti gbogbo kọ́bọ̀ tí ó ná sí i. Kí ó má sì fi ìwé náà pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà kan náà. Onídùúró tí ó wà lókè òkun lè kọ ẹ̀yìn sí i lọ́jọ́ tí ọdún pé. Èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò ní kọ ẹ̀yìn sí i.